Alàájì Kánò àti Àpò Ọkà Tí Kò Dínkù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe Àbdùlwàhídù fún yín, kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀ ni. Ẹnu ló ń ṣe é. Kò láhun, kì í jalè, kì í bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá bù ọ́ lómi mu láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, gbogbo Mínà ti gbọ́ pé òùngbẹ ìbá pa ọ́ bí kì í bá ṣe òun.

Fìlà ló ń tà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí àwọn ará Ìlọrin, kò jìnnà sí ojú irin. Alàájì ló fẹ́ kí á máa pe òun. Kò dé Mẹ́kà rí o! Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún kan, ó sì sin ìyẹn dé pápá ọkọ̀ òfurufú ní Kánò. Ó wo ọkọ̀ náà títí, ó juwọ́ sí i, ó wọ reluwé padà sí Mínà. Ìgbà tó dé, ó ní òun ti rin ìdajì ọ̀nà, Ọlọ́run tó mọ ohun tó wà lọ́kàn òun á fi ìdajì yòókù jin òun. Bí àwa náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Alàájì Kánò nìyẹn. Inú rẹ̀ ń dùn sí i. Ó rò pé à ń yẹ́ òun sí ni.

Bí ó bá ti ń jáde, agbádá rẹ̀ á ti gba gbogbo ojú ọ̀nà. Láwàní á wà lórí, gíláàsì dúdú á wà lójú, yálà oòrùn ràn tàbí òjò ṣú. Àwọn ọmọ tó bá pàdé rẹ̀ a máa ya sínú gọ́tà kí agbádá lè ráyè kọjá.

Ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ gan-an ni ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbààwẹ̀, ẹ gbọ́: bí ààwẹ̀ bá parí, gbogbo ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ bá wà nílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọn múdù ọkà kan fún orí kọ̀ọ̀kan tó ń bọ́, kó gbé e fún ẹni tí kò ní. Sàká ìtúnu nìyẹn. Ó sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni kí á tó kírun Yídì. Bí a bá ti kírun tán, sàráà lásán ló dà.

Ẹlòmíràn á wọn tirẹ̀, á gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ fún aládùúgbò, ó parí. Alàájì Kánò kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó máa ń to àwọn tálákà síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni. Á di ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ mú, á gbé e sókè, á pariwo: "Ẹ̀yin ará Mínà, ẹ wo obìnrin yìí! Kò lọ́kọ, kò ní ilé, kò ní ìkòkò! Lónìí, ta ló rántí rẹ̀?" Kò ní í fún un ní ọkà àfi bí àwọn èèyàn bá dáhùn pé, "Alàájì ni!" Ó di ẹnìkejì, á tún bẹ̀rẹ̀.

Sàlíhátù, opó kan tó ń gbé lọ́nà Shango, wà lórí ìlà yẹn lọ́dún 1958. Ó sọ fún ìyàwó mi pé nígbà tí òun dé ilé, òun ro ọkà náà ní tùwó, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀nà ọ̀fun òun lọ. Ó ní gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà kì í gbójú sókè. Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí wọn yóò fi gba ọkà wọn tí wọn yóò sì sá lọ.

Ọdún náà ni Ààfáà Àbdùlbáàkí, Lémọ́mù wa, ronú ọ̀nà mìíràn. Àwọn oníṣòwò màlúù ti kó sàká ọdọọdún wọn fún un. Ó ní bí òun bá pín in, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi tán, ebi á sì padà dé lọ́jọ́ kẹrin. Ó fi ra ẹ̀pà, ó fi ra agbada ńláńlá àti ọlọ, ó kó gbogbo rẹ̀ fún obìnrin mẹ́rìndínlógún, ó fi Sàlíhátù ṣe olórí wọn. Wọ́n ń yan ẹ̀pà, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fún òróró rẹ̀, wọ́n ń fi èyí tó kù din kúlíkúlì. Bí reluwé Kánò bá ti fọn fèrè báyìí, wọ́n ti gbé igbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Alàájì Kánò gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kúlíkúlì! Hàbá, Ààfáà! Ṣé kúlíkúlì ló ń gbé èèyàn dé àlùjánnà?"

Ààfáà ní, "Ó ń gbé wọn dé ọjà ná."

Ó di ọdún kejì. Bàbá Àdínnì wa ti kú, oyè ṣófo. Ààfáà ní ní Yídì, lẹ́yìn wáàsí, ni àwọn yóò kéde ẹni tó máa jẹ ẹ́. Àbí ta ni Alàájì Kánò tún rò pé ó wà láyé yàtọ̀ sí òun? Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn ààwẹ̀, ó dìde láàárín mọ́ṣáláṣí, ó tún agbádá gbé sí èjìká.

"Ẹ gbọ́ o! Bí ọgbọ̀n tálákà kò bá gba ọkà lọ́wọ́ mi kí Lémọ́mù tó gbé ìrun Yídì dìde, ẹ má fi mí joyè!"

Ààfáà wò ó. "Ọgbọ̀n?"

"Ọgbọ̀n, wàláhì! Ẹ jẹ́ kí wọ́n tò, kí ẹ kà wọ́n!"

Ìgbà tó délé, Nàímátù ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ nílé kànga. Àbí kí ni ènìyàn ń gbọ́ nílé kànga bí kò bá ṣe irú èyí?

"Bàbá Kàbírátù, ọkà ta ni ẹ máa fún ọgbọ̀n ènìyàn?"

"Ọkà wa."

"Ọkà wa wo? Àpò kan náà tó wà lábẹ́ pẹpẹ? Èyí tí à ń jẹ?"

"Nàímátù, lẹ́yìn oyè, oúnjẹ á máa wá fúnra rẹ̀."

Nàímátù kan lọ wo abẹ́ pẹpẹ ni, bí ẹni tó ń kí àpò náà pé ó dìgbà.

Òwúrọ̀ ọdún mọ́. Alàájì Kánò tẹ́ ẹní síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpò ọkà kalẹ̀, ó gbé múdù lé e lórí, ó jókòó. Ó ti wẹ̀, ó ti kun lọ́fínńdà. Ó ń wo òkè ọ̀nà, ó ń wo ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó wá. Ewúrẹ́ kan ló dé, ó gbóòórùn àpò náà, Alàájì lé e. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, ó fẹ́ pè é padà.

Ẹni tó kọ́kọ́ yọ ni Sàlíhátù, ó wọ aṣọ tuntun, ó ru igbá.

"Sàlíhátù! Wá, wá, wá! Ìwọ ni àkọ́kọ́!"

"Bárkà dà Sállà, Alàájì. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀."

"Àmín. Na ọwọ́ rẹ kí n gbé e sókè."

"Ẹ ṣeun, Alàájì. Ọkà wà nílé mi. Èmi náà ń yọ sàká lọ́dún yìí ni, òun ló wà nínú igbá yìí. Mo ti rìn yí ká, mi ò tíì rí ẹni tí mo máa fún." Ó dojú kọ ọ́, ó bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Alàájì, ẹ ò mọ tálákà kankan?"

Ẹ wo ìbéèrè!

Alàájì Kánò pinnu pé bí àwọn tálákà kò bá wá, òun á lọ bá wọn nílé. Ta ni yóò ru àpò? Gbogbo alábàárù ló ti wọṣọ ọdún. Ó gbé àpò náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, ó fi okùn dè é, ó gùn ún. Ẹ rántí agbádá. Kò tíì kọjá ilé mẹ́ta tí etí agbádá fi wọ inú ṣéènì. Ó gbọ́ "fàààyà!" Kẹ̀kẹ́ dúró, Alàájì kò dúró. Inú iyẹ̀pẹ̀ ló bá ara rẹ̀, láwàní sí ọ̀tọ̀, gíláàsì dúdú fọ́ sí méjì.

Akínpẹ̀lú, aládùúgbò wọn tó ń ṣiṣẹ́ reluwé, ló sáré jáde wá gbé e dìde.

"Akínpẹ̀lú, ọ̀rẹ́ mi, ṣé oúnjẹ wà nílé rẹ?"

"Alàájì, Kìrìsítẹ́nì ni mí. Ẹ ẹ̀ lè fi sàká yín fún mi, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi bẹ́ẹ̀ lọ́dún ìjẹta. Tí ẹ bá kírun tán, kí ẹ gbé e wá ní jíjinná, kí ẹran jíjó wà lórí rẹ̀. A ti ń retí."

Ó bá a yọ agbádá kúrò lẹ́nu ṣéènì, ó ti dúdú fún epo kẹ̀kẹ́. Alàájì bọ́ ọ, ó ká a sábẹ́ àpò. Ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì oníhò àti ṣòkòtò tó ti ya lórúnkún. Iyẹ̀pẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ, ó ń mí gúlegúle.

Lọ́nà Shango, ó rí Bẹ̀llò afọ́jú tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò sí ọdún tí Bẹ̀llò kì í gba ọkà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ó tú ẹnu àpò, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èémí kò jẹ́. Ohun tó jáde ni, "Há... há... há..."

Bẹ̀llò na ọwọ́, ó kan àpò, ó kan apá ọkùnrin náà, ó kan ihò síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Subuhánalláhì! Ọmọ ènìyàn rèé! Sánnù, sánnù. Ọmọbìnrin mi tó ń fún òróró ló wọn múdù yìí kalẹ̀ fún mi láàárọ̀, mo ní ta ni mo máa fún, èmi tí mi ò ríran. Ọlọ́run ló gbé ọ dé." Kí Alàájì tó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ọkà ti ń dà ṣààà sínú àpò.

Àwọn obìnrin ẹlẹ́pà tó ń lọ sí Yídì rí i. Oòrùn ti ń gòkè, àkókò ń lọ, igbá sàká kálukú ṣì wà lórí. Àpò tó la ẹnu, ọkùnrin tó wọ àkísà, òwúrọ̀ ìtúnu: kí ni ènìyàn tún ń béèrè?

"Ẹ wá o! Mo ti rí ọ̀kan!"

"Ẹ dúró dè mí, ẹ má jẹ́ kó lọ!"

Wọ́n tò. Alàájì Kánò tó ti ń wá ìlà láti òwúrọ̀, ìlà rèé! Ó mọ gbogbo wọn dáadáa. Àwọn ni kò mọ̀ ọ́n, torí ilẹ̀ ni wọ́n ń wò ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń dúró níwájú rẹ̀. Agbádá ni wọ́n mọ̀, àti ohùn. Agbádá wà lábẹ́ àpò. Ó ku ohùn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó tán. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Àbdùlwàhídù pa ẹnu mọ́. Ó ń mi orí, ó ń juwọ́ pé rárá.

"Odi ni," ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Ràhímátù wí, omi sì lé sí i lójú. "Ẹ wò ó bó ṣe ń dúpẹ́. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, Ọlọ́run ni kí o dúpẹ́ fún." Ó da tirẹ̀ sí i.

Sàlíhátù ló dé kẹ́yìn. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó tẹ orí wo abẹ́ àpò, níbi tí etí agbádá kan ti yọ jáde. Ó rọra da múdù tirẹ̀ sínú àpò. "Ọlọ́run á gbà á," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, tí a bá ka Bẹ̀llò mọ́ wọn. Àpò kún, ó ga ju orí ọkùnrin náà lọ. Ìgbà tó ti kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, táyà ẹ̀yìn bú gbàù.

Èmi fúnra mi wà ní Yídì lọ́jọ́ náà, lórí ìlà tó kẹ́yìn. A ti ń to ẹsẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ "kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀" lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn, mo rí ẹnìkan tó ń wọ́ kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ó fa agbádá dúdú kan yọ, ó wọ̀ ọ́, ihò ńlá kan wà níbi ìdí. Bó ṣe dúró tì mí, Lémọ́mù pe Aláhù Àkúbárù. Lọ́fínńdà ló jẹ́ kí n mọ ẹni tó jẹ́.

Wáàsí parí. Ààfáà Àbdùlbáàkí ní kí kálukú jókòó jẹ́ẹ́.

"Kí á tó dórí ọ̀rọ̀ oyè, Àbdùlwàhídù ṣèlérí kan. Àwọn ọgbọ̀n tálákà tó gba ọkà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, kí wọ́n dìde."

Kò sẹ́ni tó dìde. Atẹ́gùn fẹ́, ó gbé ìwé kan kọjá.

"Ó dára. Ẹni kan ṣoṣo ńkọ́?"

Ràhímátù dìde láàárín àwọn obìnrin. "Ààfáà, àwa kò gba nǹkan lọ́dún yìí. Àwa náà yọ sàká, ìgbà àkọ́kọ́ láyé wa. A rí odi kan lọ́nà Shango, òun la kó o fún. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún! Ọkùnrin tó jókòó tì í nì!"

Gbogbo Yídì yíjú. Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, ó ní àwọn tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ẹlẹ́pà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n báyìí, ojú wọn sì ti fà ro.

"Ààfáà," Ràhímátù tún wí, "ṣé sàká wa ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Ààfáà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ Àbdùlwàhídù. Tálákà ni Ọlọ́run ní kí á fún. Bó bá jẹ́ ọlọ́rọ̀ ni ọ́, Àbdùlwàhídù, a jẹ́ pé sàká èèyàn mẹ́tàdínlógún kò dé ibi tó yẹ kó dé, a sì ti kírun tán. Bó bá jẹ́ tálákà ni ọ́, sàká wọn pé. Dìde, kí o sọ ọ́ fún wa. Èwo ni ọ́?"

Èmi kò kàwé Lárúbáwá tó Ààfáà. Bóyá ọ̀nà mìíràn wà nínú ìwé rẹ̀ tó ìbá gbà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ tó fi ń pa irùngbọ̀n yẹn, ẹ̀rín ló fi ń bò.

Alàájì Kánò dìde. Ó ń wo ibi tí wọ́n tẹ́ ẹní oyè sí. Lójú tirẹ̀, bí ó bá pe ara rẹ̀ ní ọlọ́rọ̀, ó ṣì lè rí oyè náà gbà. Ó yíjú sí àwọn obìnrin. Ó rí Ràhímátù tó fi ìbòrí nu ojú. Ó rí Bẹ̀llò tó na etí sí ohùn rẹ̀.

Nàímátù ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ààfáà, ẹ forí jì mí. Irú ènìyàn wo ni sàká yìí tọ́ sí gan-an?"

"Ẹni tí kò ní oúnjẹ òní nílé."

"Kò sí oúnjẹ nílé wa o. Gbogbo rẹ̀ ló gbé sórí kẹ̀kẹ́ yẹn jáde. Omi lásán ni mo gbé kaná kí n tó máa bọ̀, kí àwọn ọmọ lè rí i pé èéfín ń jáde."

Ojú tì mí fún ọkùnrin náà, kí n sọ òótọ́ fún yín, èmi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀.

Ó sọ nǹkan kan sínú.

"Àwọn obìnrin kò gbọ́," ni Ààfáà wí.

"Mo ní... tálákà ni mí."

"Bẹ̀llò kò gbọ́."

Àbdùlwàhídù mí sínú, ó gbé orí sókè, ó fi gbogbo ohùn tó fi ń fọ́nnu láti ọjọ́ yìí wá pariwo: "TÁLÁKÀ NI MÍ!"

Àwọn obìnrin ẹlẹ́pà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Alihamudulíláì!" Wọ́n ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Bẹ̀llò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò sẹ́ni tó tíì yọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nítorí ohun tí Alàájì Kánò sọ.

Ó rí i bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ yá díẹ̀. Ó sún mọ́ Ààfáà. "Ààfáà, oyè náà wá ńkọ́?"

"Bàbá Àdínnì? Ọmọ mi, ẹni tó ń bọ́ èèyàn là ń fi jẹ ẹ́. Ìwọ, àwa là ń bọ́ ọ."

Ó padà sídìí kẹ̀kẹ́. Sàlíhátù ti dúró níbẹ̀, ó ń bá Nàímátù di ẹnu àpò. Sàlíhátù kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

"Alàájì, ẹ má bínú. Ẹgbẹ́ wa ní òfin kan. Ẹni tó bá ti gba sàká lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kan, a kò ní í jẹ́ kó gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ la máa kọ́ ọ. Ẹ tètè dé lọ́jọ́ Ajé, ẹ má wọ agbádá wá o, ọlọ la máa gbé fún yín."

Àbdùlwàhídù lọ lọ́jọ́ Ajé náà. Àwọn obìnrin náà ní ẹ̀pà tó lọ̀ lọ́jọ́ náà kò kúná, àwọn ló tún un lọ̀.